Àárò Kì Í Ṣe Ìrántí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn létí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn ni a fi ń mọ ewúro. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé tí àwọn àgbà wa ń kọ nípa ìgbésí ayé ara wọn: èyí tí a ń tà níbi ayẹyẹ ìkówèéjáde, àti èyí tí àwọn ọmọ ń tẹ̀ fún baba wọn nígbà tí ó bá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Púpọ̀ nínú wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Ní orí kìíní, òṣùpá yọ, ìyá àgbà ń pa àlọ́. Ní orí kejì, odò kan wà lẹ́yìn ilé tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ní orí kẹta, tíṣà kan ń bẹ tí pàṣán rẹ̀ kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ ojú omi gbé òǹkọ̀wé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà dé, ó sì di ẹni ńlá. Ní orí ìkẹyìn ni yóò wá mí kanlẹ̀, tí yóò ní ayé ti bàjẹ́, àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ nǹkan kan, ayé àtijọ́ ló dára.

Mo ní irọ́ ni. N kò sọ pé ìyá àgbà kò pa àlọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé omi odò kò mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹni tí ó bá ṣa kìkì adùn jọ láti inú ọgọ́rin ọdún, tí ó da ìyókù nù, tí ó sì pe èyí tí ó ṣà jọ ní ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kò rántí nǹkan kan. Àárò ló ń sọ ọ́. Àárò kì í sì í ṣe ìrántí.

Ẹ jẹ́ kí a ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú. Àárò ni kí ọkàn máa fà sí ohun tí ó ti lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀; ẹni tí ó wà ní àjò tí àárò ilé kò sọ, bóyá kò ní ilé ni. Ṣùgbọ́n àárò kì í bèèrè ọjọ́, kì í bèèrè iye, kì í sì í pe ẹlẹ́rìí. Ìrántí dà bí ìwé gbèsè ìyá aláṣọ: orúkọ ẹni tí ó ra ọjà, ọjọ́ tí ó rà á, èyí tí ó san, èyí tí ó kù. Ìyá aláṣọ lè fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ bí ojú, kò ní torí ìyẹn pa gbèsè náà rẹ́ nínú ìwé. Ohun tí mo ń bá àwọn òǹkọ̀wé wa jà lé lórí ni pé wọ́n ti ya ojú ìwé gbèsè náà sọ nù, wọ́n sì fi orin dípò rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dán wò ni Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Sángo tí ó dúró tì í. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí àárò ti ń pohùn réré, ẹ lọ jókòó ti àwọn tí ń sọ̀rọ̀ Ọ̀tà àtijọ́. Wọn yóò ní igbó ni ibi tí ilé-iṣẹ́ wà yìí tẹ́lẹ̀, ọ̀pẹ ló kún ibẹ̀. Wọn yóò ní nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, gbogbo Ọ̀tún, Òsì àti Ìjànà ni yóò péjọ, kò sí ẹni tí kò mọ ẹnì kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọkọ̀ akẹ́rù ló gba ojú ọ̀nà, èéfín ló gba ojú ọ̀run, àwọn tí a kò mọ orírun wọn ló gba ilẹ̀. Wọn a wá fi ọ̀rọ̀ kan dé e lórí: “Sángo kì í ṣe ìlú, ibùdókọ̀ ni.”

Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè: Ọ̀tà ìgbà wo ni ẹ ń wí? Ṣé ti ọdún 1842 ni? Ní ọdún náà ni àwọn Ẹ̀gbá kó ogun wá, tí wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà, tí ìlú sì bọ́ sábẹ́ agbára Abẹ́òkúta. Ta ni ó ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá lọ́dún náà? Tàbí ti ìgbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ni, nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ ní gbogbo ẹsẹ̀ odò yìí, tí ọmọ tí ó bá lọ pọn omi lè má padà wálé mọ́? Bí ẹ bá sì ní àlejò ló ba ìlú jẹ́, ìtàn àwọn Àwórì fúnra wọn sọ pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, tí wọ́n gba Ìṣẹ́rí kọjá kí wọ́n tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ tí wọ́n wà. Àlejò ni gbogbo wa nígbà kan. Ẹni tí ó tètè dé ló ń pe ara rẹ̀ ní onílé.

Ọkùnrin kan wà tí ó kọ ìwé nípa Ọ̀tà ayé ìgbà náà, James White, ọmọ Sàró tí ó wá ṣe iṣẹ́ ìjọ CMS níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1850. Ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé náà wà títí di òní. Ó ní ojú oníwàásù, kò sì fẹ́ràn òrìṣà. Ẹni tí ó bá ń kà á gbọ́dọ̀ mọ èyí. Síbẹ̀, nítorí pé ó kọ ọjọ́ sí i, a lè bá a jiyàn. Ta ni ó lè bá òṣùpá àti àlọ́ jiyàn? Kò ní ọjọ́, kò ní orúkọ, kò ní ibi tí a lè dì í mú.

Ẹ tún wo bí àwọn baba wa ti ń ka ọdún kí ìwé tó wọ́pọ̀. Bí a bá bi arúgbó kan léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kò ní sọ pé ìgbà tí ayé dùn ni wọ́n bí òun. Yóò ní, “Ọdún ogun Àdùbí ni wọ́n bí mi,” tàbí, “Lúkúlúkú ló pa ìyá mi, mo ti ń rìn nígbà náà.” Ọdún kan náà ni méjèèjì, 1918. Ogun Àdùbí ni èyí tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí ìjọba nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, tí wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, tí ìjọba sì kó sójà tì wọ́n. Lúkúlúkú ni àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà káàkiri gbogbo ayé lọ́dún náà. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ń fi Wẹ́tìẹ́ àti Àgbẹ́kọ̀yà ka ọdún. Ohun tí ó le ni àwọn baba wa fi ṣe òpó ìrántí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó le kì í yẹ̀ nídìí. Àwa tí a kàwé ni a fi oyin ṣe òpó, tí ó sì ń yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ kékeré kan nìyí tí gbogbo yín mọ̀. Kò sí àgbà tí kì í sọ iye tí búrẹ́dì jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. “Kọ́bọ̀ mélòó kan péré!” ni yóò wí, ojú rẹ̀ a sì máa dán. Èmi a máa dúró kí ó sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà tí ó kù, kì í sọ ọ́. Ìdajì tí ó kù ni owó oṣù. Ní ọdún 1981 tí nǹkan pọ́ọ́kú yìí, ₦125 ni òfin sọ pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ jẹ́, òfin náà kò sì kan ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50. Ní ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di ₦70,000. Ẹni tí ó bá fi iye ọjà ìgbà náà wé iye ọjà ìgbà yìí, tí kò fi owó oṣù wé owó oṣù, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìyà tàbí ìgbádùn. Ó lè jẹ́ pé bí ó bá ṣe ìṣirò náà tán, yóò rí i pé òótọ́ ni, ìgbà náà sàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́, a óò gbà á, nítorí ó ti mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n kò ṣe ìṣirò kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwa Yorùbá kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìwé tí ó wà nídìí gbogbo ìwé báyìí láàárín wa ni lẹ́tà tí Àjàyí Crowther kọ sí àwọn CMS ní ọdún 1837. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn. Nígbà tí ó kọ lẹ́tà náà, ó ti di òmìnira, ó ti di olùkọ́ ní Sàró, ó lè fi adùn Òṣóògùn kún ojú ìwé bí ó bá wù ú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ bí iná ti jó ìlú, ó sọ bí wọ́n ti fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, ó sọ bí wọ́n ti tà òun láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí dé Èkó. Ó sọ pé ní òru mélòó kan òun fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn kí òun lè kú, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Èwo nínú àwọn olóyè wa tí ń kọ̀wé lónìí ni yóò kọ irú èyí nípa ara rẹ̀? Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Kò dín in kù.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ ìwé tirẹ̀ ní 1960. Ọ̀gá àwọn ẹgbẹ́ alátakò ni nígbà náà ní ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, àwọn tí ń wá ohun tí wọn yóò fi gún un lójú kò sì kéré. Síbẹ̀ ó sọ bí ikú baba rẹ̀ ní 1920 ti sọ ọ́ di ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kiri kí ó tó lè lọ sí ilé-ìwé, ó sì sọ bí òwò ti dojú dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọlé Ṣóyínká tẹ *Aké* ní 1981. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwé àárò ni, nítorí pé òǹkọ̀wé náà dárò oúnjẹ àwọn olókìrì ọjà ìgbà èwe rẹ̀ nígbà tí ó rí ohun tí ó rọ́pò wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde nítorí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ìjà tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Òórùn ọjà àti ìjà àwọn ọlọ́jà wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Bí àárò bá gba ìrántí láyè báyìí, n kò bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ọ̀tà, nítorí ìlú náà ní òǹkọ̀wé ńlá kan. Nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, oko ní Ọ̀tà ni ó gbà lọ. Ní 1980 ni ìwé rẹ̀ lórí ogun abẹ́lé jáde, *My Command*. *Not My Will* tẹ̀lé e ní 1990, *My Watch* sì jáde ní 2014. N kò bá a jà pé ó kọ̀wé. Ì bá wù mí kí gbogbo aláṣẹ máa kọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa bí ogun náà ti parí ní apá gúúsù ni ohun tí *My Command* sọ. Ní 2013 ni Godwin Alabi-Isama, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà, tẹ *The Tragedy of Victory*, pẹ̀lú máàpù àti àwòrán, tí ó sì tako ìwé ti ìṣáájú níbi púpọ̀. Ta ló jàre? Kí àwọn onímọ̀ ìtàn máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Títí di ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí kejì sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni gbogbo wa ń dá.

Bí ó bá sì gba ọ̀gágun ní ọdún 33 kí ó tó dá ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn, ọdún mélòó ni yóò gba sójà tí ó ru àpótí ọta? Àwọn àgbà wí pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe yìí kò gba ojú tì ní ọ̀rọ̀ ìrántí: ẹni tí ó pàṣẹ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n òun ni ó ní bírò àti ìwé, ẹni tí ó gba àṣẹ kò gbàgbé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fún un ní bírò. Níhìn-ín ni a ti dé Sángo.

Sángo ni ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti pàdé. Nígbà tí ilẹ̀ ń wọ́n ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, àwọn oníléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ìhà ibẹ̀: ilẹ̀ wà, Èkó kò jìnnà, ibodè kò sì jìnnà. Àwọn tí ń ṣe ike, irin, bébà, oògùn àti oúnjẹ dé. Àwọn tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ̀lé wọn dé, Yorùbá, Ígbò, Ẹ̀gùn, Ẹbira, Hausa. Ní 1989 wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, àwọn tí a kà níbẹ̀ jẹ́ 526,565. Ẹ wá fi iye yìí sọ́kàn, kí ẹ sì sọ fún mi: ìwé ìgbésí ayé mélòó ni ẹ ti kà láti ọwọ́ ẹni tí ó fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní Sángo? Èmi kò tíì rí ọ̀kan lórí àtẹ ìwé wa.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọdún oko ní àmì: ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọdún egúngún. Ọdún ilé-iṣẹ́ kò ní. Fèrè fọn, wọ́n wọlé. Fèrè fọn, wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ yìí iṣẹ́ ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ iṣẹ́ òru. Ọjọ́ kan jọ èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún mẹ́wàá fi ń di ẹyọ kan lọ́kàn. Bí ẹ bá bi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèrè ìtàn ara rẹ̀, yóò fi wákàtí kan sọ ti abúlé tí a ti bí i, yóò wá sọ pé, “Lẹ́yìn náà ni mo wá sí Sángo, mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ́.” Ogún ọdún lọ nínú gbólóhùn kan! Àárò kò rí ohun tí yóò mú níbẹ̀, ó fò ó kọjá. Ibi tí àárò bá ti fò kọjá gan-an ni ó yẹ kí ìrántí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Òfin kan wà tí a ṣe ní 2010 lórí ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí òṣìṣẹ́ náà jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ó sì bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹni tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀, tí kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, tí kò rántí ẹni tí ó dúró tì í, tí kò tọ́jú ìwé ìsanwó, kí ni yóò fi sọ̀rọ̀? Wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Àárò kò lè jẹ́rìí fún un. Ìrántí tí ó ní ọjọ́ àti orúkọ nìkan ló lè ṣe é.

Ẹni tí ó ní Sángo kò ní ìrántí, ẹ jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀. Láàárín Alákùkọ àti Sángo, kọńdọ́kítọ̀ yóò pariwo, “Tóògéètì! Tóògéètì!” Ẹ bojú wòde, kò sí géètì kankan. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ojú ọ̀nà ni níjọ́un; ìjọba àpapọ̀ fòpin sí irú owó bẹ́ẹ̀ ní 2004. Orúkọ kò kúrò. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà ń sọ̀ kalẹ̀ ní Tóògéètì lójoojúmọ́, kò sì bèèrè. Kọńdọ́kítọ̀ kò dárò géètì náà, kò sì kọ orin fún un. Ó kàn ń pe ibẹ̀ ní ohun tí ó jẹ́. Ìwọ̀nba ìrántí báyìí ju ọ̀pọ̀ ìwé oníwúrà etí lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà ní títì nítorí àrùn Kòrónà. Ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ gbọ́ pé kí ó jókòó sílé. Ó di oṣù Kẹrin, àwọn ará àdúgbò ní ìhà Èkó àti Ògùn ń dá iná sójú títì lóru, wọ́n ń ṣọ́ olè. Kí ni ẹ jẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì? Ta ni ó yá yín lówó? Ta ni ó lé yín jáde nínú yàrá? Bí a kò bá kọ èyí nísinsìnyí tí ó ṣì gbóná, mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2050. Àgbà kan yóò jókòó, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, “Nígbà Kòrónà, gbogbo àdúgbò fẹ́ràn ara wọn, a jọ ń yá iná lóru.” Àwọn ọmọ yóò sì gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà ńbẹ̀ tí n kò lè fò. Àwọn ìwé tí mo dárúkọ, láti orí lẹ́tà Crowther títí dé *My Watch*, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n. *Aké* kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi yí i sí Yorùbá. Ìwé ìgbésí ayé tí ó lókìkí tí a fi Yorùbá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ti Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas tẹ̀ nínú *Akéde Èkó* láàárín 1929 sí 1930. Àwọn òǹkàwé rò pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà wá lóòótọ́. Àròsọ ni! Thomas ló jókòó tí ó ro gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wò ó: nígbà tí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ nípa ara wa, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ, nígbà tí a bá fẹ́ fi ìgbésí ayé ẹni ṣeré, a ó lo Yorùbá. Mo sì ní kí ẹ ṣàkíyèsí pé Thomas, tí ó ń parọ́, fi orúkọ àdúgbò Èkó àti ọjọ́ orí lẹ́tà sínú ìwé rẹ̀, kí a lè gbà á gbọ́. Ó mọ ohun tí ìrántí jọ. Àwọn tí ń sọ òótọ́ ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní, “Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.” Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ orísun odò yóò mọ ẹrẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, yóò mọ àpáta rẹ̀, yóò mọ ẹni tí ó kú sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní omi gaara nìkan ni òun rí, kò dé orísun, àwòrán ni ó rí. Àwọn mìíràn yóò ní, “Ta ni yóò ka ìtàn òṣìṣẹ́ ojúmọ́? Kí ni ó gbé ṣe?” Èsì mi ni pé nígbà tí Crowther ń kọ lẹ́tà rẹ̀, ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni, bí ó bá dúró di ìgbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù kí ó tó rò pé ayé òun tó kọ, bóyá àárò ni ì bá kọ fún wa. Ẹ̀ka kẹta yóò ní àgbà tí ó ti jìyà ní ẹ̀tọ́ láti sinmi nínú ìrántí dídùn. Kí ó sinmi nílé, n kò dí i lọ́wọ́. Ìgbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ níwèé tí ó sì fi bá ọmọ ẹlòmíràn wí pé òun ni ó ba ayé jẹ́, ẹjọ́ ti wọ ọjà.

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́rin lé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ara rẹ̀ lọ́wọ́. Èkíní, kọ ọjọ́. Bí o kò bá mọ ọjọ́, sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú lọ́dún náà. Èkejì, bí o bá kọ iye ọjà, kọ iye owó ọwọ́ rẹ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, pe ẹlẹ́rìí, pàápàá ẹni tí yóò já ọ níyàn. Ẹ̀kẹrin, kọ ohun kan tí ó le tí o kò fẹ́ rántí. Ibẹ̀ ni òǹkàwé yóò ti mọ̀ pé ìwọ ni o ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ tiyín ló kù. Àwọn yunifásítì ti pọ̀ ní ìhà Ọ̀tà; Covenant bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Bells sì tẹ̀lé e ní 2005. Ilé-iṣẹ́ kò jìnnà sí wọn. Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹni kọ̀ọ̀kan yín wá òṣìṣẹ́ kan, ìbáà ṣe bàbá rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jókòó tì í, ẹ má fi abúlé bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ òru àkọ́kọ́ tí ó ṣe: ọdún wo, èló ni wọ́n san, ta ni ó dúró lọ́tùn-ún rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ kà á padà sí i létí kí ó lè tún un ṣe. Kí ẹ wá mú un wá fún ìwé wa yìí. Ojú ìwé wà.

Ìgbà kì í tọ́ lọ bí òréré. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ní nǹkan bí ọdún 1980 ti di ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Irun wọn ti funfun, ọ̀pọ̀ ti padà sí ìlú wọn, àwọn kan kò sí mọ́. Ẹ yára.